Ọ̀gá Tó Fòfin De Àwọ̀ Pupa

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí nǹkan tó yí padà, Bàbá Onísúẹ́tà ń wá píìnì. Káàdì pupa kékeré kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ òsì, ó sì ń bi gbogbo ẹni tó ń wọlé pé, "Ta ló bá mi rí píìnì?" Àǹtí Ayẹ̀wò ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá a rí i lábẹ́ àga. Bàbá gbà á, ó fi gún káàdì náà mọ́ pátákó ara ògiri, ó mu tíì lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ti mọ ibi tó ń dùn wá. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́." Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò ṣú, kò rọ̀. Aago márùn-ún lù, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Yàrá tí à ń wí yìí wà ní òkè kẹta ilé ìwòsàn ńlá kan. Àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yàrá káàdì. Yàrá káàdì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kẹ́ mẹ́ta káàdì ló sì tò sórí pẹpẹ níbẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Oníkáàdì ló ń tọ́jú wọn. Orúkọ aláìsàn wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àìsàn rẹ̀ àti oògùn tó ń lò. Ní igun òkè, wọ́n á fi báírò pupa kọ oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, èyí tí wọn kò gbọdọ̀ fún un bó ti wù kó rí.

Àǹtí Ayẹ̀wò kì í kọ ètò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó yẹ ohun tí àwọn yòókù kọ wò, kó wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde kí aláìsàn tó fara gbá a. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Onísúẹ́tà, tó jẹ́ olórí wọn, fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Oríṣi káàdì mẹ́ta ni Bàbá ń gún mọ́ pátákó: àwọ̀ ewé fún iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa, àwọ̀ ìyeyè fún èyí tó ń fà, pupa fún èyí tó ti dúró tàbí tó léwu. "Pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi," ni Bàbá máa ń wí. "Àwọ̀ ewé kò ní sá lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá kò wá síbi iṣẹ́. Ojú oorun ni ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ará ilé láàmú. Súẹ́tà tó máa ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn wà lẹ́yìn àga rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ẹnikẹ́ni kò gbé e, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó sórí àga náà. Nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n rán ọ̀gá tuntun wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ sún díẹ̀ fún ọ̀gá yìí. Ó máa ń gba àyè.

Akọ̀wé rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì kéde pé, "Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìyípadà, Ìdàgbàsókè àti Ìmọ́lẹ̀ Ọjọ́ Iwájú." Àwọn mẹ́rin tó wà nínú yàrá wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá èèyàn mẹ́ta ló ń bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé, ọkùnrin kan báyìí tí àyà rẹ̀ ti ń dé ibi gbogbo ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ oyè náà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò gbà á tán. "Ọjọ́ Iwájú" bọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tan iná.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun mi," ló wí fún èèyàn mẹ́rin náà, "oòrùn kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ òkùnkùn. Mo ti dé. Láti òní lọ, ohun tó ṣòro ti rọrùn, ohun tó wọ́ ti tọ́, ohun tó kù ti tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti di orúkọ rẹ̀.

Ọ̀gá na ìka sí súẹ́tà. "Aṣọ ta nìyí?"

"Ti Bàbá ni, sà," ni Àǹtí Ayẹ̀wò dáhùn. "Ọ̀gá wa tó di olóògbé."

"Ẹ bá mi gbé e. Ibi tí mo bá wà, àná kì í bá mi gbé ibẹ̀."

Àǹtí Ayẹ̀wò ká aṣọ náà, ó rọra fi í sínú páálí, ó sì ti páálí náà sábẹ́ tábìlì tirẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn ń gbé mì bí oògùn kíkorò, tí kì í ṣe pé kò ní wọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá kọ́kọ́ rí káàdì pupa lára pátákó. Ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó bá ejò nínú bàtà.

"Kí nìyí?"

"Ọ̀gá, ojú ìwé tó ń gbé orúkọ aláìsàn jáde ni," ni Àǹtí Ayẹ̀wò wí. "Nígbà mìíràn, orúkọ ẹlòmíràn ló ń gbé jáde."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó ń gbé jáde. Mo ní kí ni àwọ̀ yìí ń wá lára ògiri mi?"

"Pupa ni, sà."

"Ta ló ní kó pupa?"

Ìbéèrè yẹn ga ju ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà lọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ọ̀gá wí, ó sì yíjú sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. "Àwọ̀ yìí ló ń fa ọ̀ràn. Ẹ mú un kúrò, kí ẹ wá wò ó bóyá ọ̀ràn náà kò ní bá a lọ. Kò séwu."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìwé ti jáde. Ìwé náà ní àwọ̀ pupa jẹ́ àwọ̀ àìnígbàgbọ́, pé òkè kẹta kò sì gbọdọ̀ rí i mọ́. Wọ́n kó báírò pupa, wọ́n kó fáìlì pupa, wọ́n gba korobá pupa lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀. Wọ́n kun agolo apaná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní àwọ̀ ewé, débi pé àlejò kan kí ọ̀gá pé òdòdó rẹ̀ lẹ́wà. Iná kò sì jó lọ́dún náà. Àwa tí à ń sọ ìtàn yìí gbà pé Ọlọ́run wà.

Bó ṣe di Ọ̀gá Kò-Séwu nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ náà ń gbóná, kò séwu. Ẹ sọ fún un pé àjà ń jò, kò séwu. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Onísúẹ́tà ti dá ìpàdé kan sílẹ̀ kó tó lọ, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ìdúró láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ẹni tó wà lórí ìdúró kì í sọ̀rọ̀ jù. Kò-Séwu fẹ́ràn ìpàdé náà gan-an. Ó ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù wá síbẹ̀ fún òun nìkan, ó sì fà á di wákàtí méjì. Òun á jókòó, àwọn mẹ́rin á dúró. Òun á máa sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ wọn á máa dáhùn.

Ọkùnrin tó ń kọ kóòdù jù nínú wọn ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ gbé.

"Iṣẹ́ dé ibo?" ni Kò-Séwu bi í.

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Àádọ́rùn-ún, sà."

Inú ọ̀gá dùn, ó gbọn eruku kúrò léjìká ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, àádọ́rùn-ún ni. Oṣù kejì, àádọ́rùn-ún ni. Ó di oṣù keje, iṣẹ́ kò kúrò lójú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ tuntun. Wọ́n sọ ọkùnrin náà ní Ó-Ku-Díẹ̀. Bóyá irú rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ tiyín náà. Ẹ má wẹ̀yìn o, ó lè dúró síbẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ẹ̀rín nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, Kò-Séwu yọrí lẹ́yìn Ó-Ku-Díẹ̀ láti wo ohun tó ń kọ. Ó rí ojú ìwé tí nọ́ọ̀sì yóò máa lò. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ oògùn tí ara aláìsàn kò gbà, ìlà gbọọrọ kan á yọ sókè, pupa fòò, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: EWU. Ẹ MÁ FÚN ALÁÌSÀN YÌÍ.

"O fẹ́ da ẹ̀jẹ̀ sójú ẹ̀rọ mi?" ni Kò-Séwu bi í. "Ewu wo? Ta ló ń wá sílé ìwòsàn kó wá ka ewu? Sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Kí o sì sọ̀rọ̀ tútù síbẹ̀."

Ó-Ku-Díẹ̀ ṣe bó ṣe wí. Nígbà tí Àǹtí Ayẹ̀wò yẹ ojú ìwé náà wò lọ́jọ́ kejì, ìlà àwọ̀ ewé kan ló rí, tí wọ́n kọ sí pé: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kíyè sí ìtọ́jú aláìsàn pàtàkì yìí.

Ó gbé àga rẹ̀ lọ bá Ó-Ku-Díẹ̀. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Orí mi ò sí níbẹ̀."

"Wọ́n ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé tí wọ́n bá ti rí àwọ̀ ewé, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. O mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

"Mo mọ̀." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ Ó-Ku-Díẹ̀ mi lọ."

"Bàbá ò kọ́ wa báyìí."

"Bàbá ti kú," ni Ó-Ku-Díẹ̀ wí, kò sì lè wo ojú rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá Àǹtí Ayẹ̀wò rí i pé ojú ọmọ òun kò dáa nígbà tó délé. Ó gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ẹ̀rọ yín yẹn náà ni?"

"Òun ni, Màámi."

"Ṣé ó mọ̀ mí?"

"Báwo, Màámi?"

"Mo ní ṣé ó mọ̀ mí. Ìyá Oníkáàdì mọ̀ mí. Tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ní Ọjọ́bọ̀, á ti ké sí nọ́ọ̀sì pé, 'Ìyá yẹn ò gbọdọ̀ gba pẹnisílìn o.' Ṣé o rántí ọdún tí nọ́ọ̀sì tuntun kan níbẹ̀ ò wo káàdì? Ojú mi wú bí búrẹ́dì."

"Mo rántí."

"Mo rò pé mò ń lọ nìyẹn. Ìwọ ń sunkún, èmi ń ronú pé mi ò tíì ká aṣọ tí mo sá." Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tí ẹ̀rọ yín bá mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá. Tí kò bá mọ̀ mí, ẹ fi Ìyá Oníkáàdì sílẹ̀ fún wa."

Àǹtí Ayẹ̀wò kò lè jẹun tán. Ohun tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ni pé Kò-Séwu ti pàṣẹ pé lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ náà, kí ọkọ̀ ẹrù wá kó ọ̀kẹ́ mẹ́ta káàdì lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń lọ bébà. Tí káàdì bá ti lọ, ohun kan ṣoṣo tó kù láàárín ìyá rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ náà ni ìlà àwọ̀ ewé tó ń kí nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́.

Ìwé kan wà tó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Òfin ilé ìwòsàn ni pé wọn kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ kankan láìjẹ́ pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fọwọ́ sí ìwé pé ó dára. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, Kò-Séwu ránṣẹ́ pè é.

"Fọwọ́ síbí."

"Ọ̀gá, mi ò lè fọwọ́ sí i."

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Ìkìlọ̀ oògùn ni ò dáa. Tí ẹ bá dá a padà sí pupa lónìí, màá fọwọ́ sí i lọ́la."

Kò-Séwu fẹ̀yìn ti àga. "Mo ti ń wò ọ́ láti ọjọ́ yìí. Àṣìṣe lò ń wá kiri, bí adìyẹ tó ń tanlẹ̀."

"Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, bó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó rí ojú ọ̀gá, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́.

"Ọjọ́ Ẹtì," ni Kò-Séwu wí. "Kí a tó ṣí i, kí o ti fọwọ́ sí ìwé yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ máa lọ. Ìmọ́lẹ̀ Ọjọ́ Iwájú kò ní dúró de obìnrin kan."

Kò tiẹ̀ dúró de ọjọ́ Ẹtì. Bí obìnrin náà ṣe jáde, ọ̀gá mú ẹ̀dà ìwé náà kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Ibi tí wọ́n kọ "Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò" sí, gbogbo oyè rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Àyè kò gbà á tán, ó yí ìwé náà padà, ó parí rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Ayẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá káàdì. Ìyá Oníkáàdì ń fi okùn di káàdì ní ìdì ìdì fún ọkọ̀ ẹrù, ó sì ń dì wọ́n bí ẹni ń di ọmọ fún ìrìn àjò.

"Wọ́n ní kí n yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún ọ," ló wí. "Kó o tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ti ọ̀gá yín ni. Òun ló fẹ́ jẹ́ aláìsàn àkọ́kọ́ lọ́la."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ọ̀nà ọ̀fun. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò níwájú dígí. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ gidi ló fẹ́ gbà lójú èrò, pé òun kì í ṣe onídán." Ìyá Oníkáàdì na káàdì náà sí i. "Wo igun òkè kó o tó gòkè."

Àǹtí Ayẹ̀wò wò ó. Báírò pupa, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́: Kò gbọdọ̀ gba pẹnisílìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ó gòkè lọ ní kíá, ó kọ lẹ́tà kúkúrú, ó mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà gbà á, ó kà á, ó mi orí.

"Ẹ kọ 'ewu' síbí, Àǹtí."

"Torí ewu ni."

"Ọ̀rọ̀ yẹn kì í gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá. Ẹ fi 'àǹfààní' rọ́pò rẹ̀."

"Kí n kọ pé àǹfààní ńlá wà nínú kí ọ̀gá gba abẹ́rẹ́ yìí?"

"Ẹ wò ó bó ṣe dùn létí," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, ó sì dá lẹ́tà náà padà fún un.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Wọ́n kó àga kún gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Aṣọ funfun gbòòrò wà lára ògiri iwájú, kí gbogbo ojú lè rí ohun tí nọ́ọ̀sì bá ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn aláìsàn tó ti wá láti aago mẹ́fà dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ wọn àti ìgò omi wọn. Olùdarí ètò ìlera, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di olùdarí, jókòó sí ìlà iwájú, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Níta, ọkọ̀ ẹrù wà ní títàn, ó ń gbọ̀n.

Kò-Séwu sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ó ní lónìí ni ikú bébà. Ó ní àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí yóò máa béèrè ibi tí òun dúró sí lọ́jọ́ yìí, pé kí ẹnì kan bá òun sàmì sí ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí bàtà ọ̀gá po. Ohùn ọ̀gá há léraléra, ó ń họ bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Níkẹyìn ó jókòó sórí àga aláìsàn, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́wọ́ kejì.

"Nọ́ọ̀sì, máa ṣiṣẹ́ rẹ. Ayé ń wò wá."

Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ rẹ̀. Oyè rẹ̀ kún aṣọ funfun náà láti òpin dé òpin. Nọ́ọ̀sì tẹ pẹnisílìn. Ìlà àwọ̀ ewé yọ, ó tàn yòò: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kíyè sí ìtọ́jú aláìsàn pàtàkì yìí. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ nínú àwo, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ta afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù.

Àǹtí Ayẹ̀wò wà lẹ́yìn láàárín àwọn aláìsàn. Ọkàn kan ń sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀, pé ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ni kó wọ̀ ọ́. Ọkàn náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ó ti rí ojú tó wú rí, ó ti rí ẹni tó ń wá èémí tí kò rí i, kò sì lè rò ó sí ẹnikẹ́ni, kódà ẹni yìí. Ó bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà nawọ́ láti dá a dúró, obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Nọ́ọ̀sì, dúró ná," ló wí. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àárọ̀ náà ló lò. "Ọ̀gá, ẹ ní kí n fọwọ́ sí ìwé yìí kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ. Mo mú un wá, báírò mi náà nìyí. Pẹnisílìn ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Káàdì yín nìyí, wọ́n fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ gbà á, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ yín ní àwọ̀ ewé ni, kò séwu. Ẹ̀yin ni ọ̀gá. Tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ náà, màá fọwọ́ sí i níbí, lójú gbogbo èèyàn."

Ọwọ́ Kò-Séwu kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ oyè rẹ̀. Ó fò kúrò níwájú abẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ọmọ tó kan ìkòkò gbígbóná. Bọ́tìnnì kan já, ó ń yí lọ sábẹ́ àga àwọn àlejò.

"Ẹ gbé e kúrò," ló wí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi. Káàdì ni kí ẹ wò. Ẹ gbà mí, káàdì ni kí ẹ wò."

Ohùn náà dé ìta, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù gbọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn, bàbá arúgbó kan láàárín àwọn aláìsàn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Bébà tó ní ó kú lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí o." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ níwájú níjókòó níjókòó. Nígbà tó dé ìlà àwọn àlejò, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn sì ń mì.

Olùdarí ètò ìlera nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gba káàdì náà, ó kà á, ó wo aṣọ funfun ara ògiri. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ sí i pé òun ti yẹ ẹ̀rọ yìí wò?"

"Akọ̀wé mi..." ni Kò-Séwu bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo..."

"Rárá, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ó sì bá a lẹ́nu mu dáadáa. Ó fa ìwé yọ nínú fáìlì rẹ̀, ó fi iwájú hàn, ó sì yí i padà kí Olùdarí lè rí ìyókù oyè lẹ́yìn.

Olùdarí kà á tán, ó ká a sínú báàgì rẹ̀. "Ẹ sọ fún awakọ̀ yẹn kó pa ẹ́ńjìnnì," ló wí. Ó sì yíjú sí Àǹtí Ayẹ̀wò. "Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó."

Olùdarí fúnra rẹ̀ ló wá sí òkè kẹta lọ́jọ́ Ajé, ó bi Ó-Ku-Díẹ̀ pé iṣẹ́ dé ibo.

"Ó ku..." ni ọkùnrin náà wí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ogójì, mà. Ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Tí n kò bá purọ́, méjìdínlógójì."

"Ẹ ṣeun," ni Olùdarí wí. "Méjìdínlógójì ṣe é bẹ̀rẹ̀."

Ẹ má rò pé àrá sán pa Kò-Séwu. Ìjọba kì í fi àrá ṣòfò. Lẹ́tà kan ló dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, pé kó máa bójú tó wọn. Àwọn tó ń kí i ní ìdọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń rántí pé àwọn ní ohun tí àwọn gbàgbé sílé tí wọ́n bá rí i lókèèrè. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti ń sọ fún àwọn èèyàn ní géètì pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń kìlọ̀ fún un. Àǹtí Ayẹ̀wò pàdé ọ̀gá náà lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti ń ka àga, ó kí i bó ṣe yẹ. Ọ̀gá dá a lóhùn, ó wo ọ̀nà mìíràn, ó sì ní, "Ọ̀fun mi ti san." Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó ti rò pé òun á yọ̀ tí irú ọjọ́ náà bá dé. Kò yọ̀, kò sì bà á nínú jẹ́.

Ní báyìí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé nìkan ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ibùsùn mọ́kànlá, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì ti padà sí pupa. Níbi gbogbo tó kù, káàdì ni. Wọ́n ti tú okùn ara wọn, wọ́n ti tò wọ́n padà, ó ku bíi ìdì méjìlá nílẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló wà ní òkè kẹta. Wọn kò tíì rán ọ̀gá mìíràn wá.